Irọ́ Kan Ṣoṣo Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pa

Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún kó yáa gba ibòmíràn lọ. Ìtàn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe gbajúmọ̀, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, oníbúrẹ́dì lásán ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ bèèrè rẹ̀, kí ẹ tó ṣàlàyé tán ni ẹnì kan á ti dá yín lóhùn pé, "Àh, ìyẹn tó fún ọmọ tuntun ní àgbo mu tí ikùn ọmọ fi lu!" Irọ́ ni. Irọ́ funfun báláú ni. Èyí tó wá ń dùn mí wọ eegun ni pé ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló pa irọ́ náà.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Sòótọ́. Bàbá wa ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ayọ̀ ní gbogbo ìgbà. Tí àwa méjèèjì bá jọ fọ́ abọ́, tí mo ti pinnu pé ọrùn ológbò la máa gbé ẹ̀sùn náà kọ́, kí bàbá tó bèèrè tán ni ẹ̀gbọ́n mi á ti ní, "Àwa ni, bàbá. Èmi ni mo tì í, òun ló jẹ́ kó bọ́." Ẹgba tí mo jẹ nítorí òótọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò kéré. Mo máa ń bú u pé kò gbọ́n. Á kàn wò mí, á ní tí òun bá purọ́, òun á gbàgbé èyí tí òun sọ. Tí o bá ra aṣọ tuntun tí o sì mọ̀ pé kò yẹ ọ́, má ṣe gba iwájú ẹ̀gbọ́n mi kọjá, nítorí ó máa sọ fún ọ.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ló kọ́. Ilé búrẹ́dì rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ títì wa, yàrá kan tó gùn tóóró, ààrò bíríkì lẹ́yìn, tábìlì pákó láàárín, fèrèsé kan níwájú tó ń gbà tajà. Èéfín ti sọ ògiri ibẹ̀ di dúdú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rí ìdọ̀tí lórí tábìlì yẹn. Ìyẹ̀fun ni pawúdà ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa ń wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ní etí rẹ̀, nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Tí búrẹ́dì bá jóná nídìí, á gbé e síta, á sì sọ fún oníbàárà pé, "Èyí jóná nídìí o. Tó o bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, mú un. Tó ò bá fẹ́ ẹ, dúró de òmíràn." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mú èyí tó jóná. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà gbọ́ kí wọ́n tó jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta ohun jíjẹ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀dà kun ilé, onísùúrù èèyàn. Sùúrù rẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò mọ̀ bóyá sùúrù ni tàbí oorun. Ìyá ọkọ ń bá wọn gbé. Obìnrin náà kì í ṣe ìkà, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn kí Sòótọ́ má baà bá mi jà. Ó kàn gbà pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ láyé tí kì í ṣe pé ẹnì kan ló fọwọ́ fà á. Tí omi bá dà sílẹ̀, ta ló dà á? Tí iyọ̀ bá tán, ta ló jẹ ẹ́ tán? Wọ́n wá ọmọ títí ó fi sú wọn. Oyún wá, oyún lọ. Nígbà tí èyí wá dúró, ẹ̀gbọ́n mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ikùn rẹ̀ ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ló ń sún kúrò lẹ́bàá tábìlì, títí tó fi di pé apá rẹ̀ nìkan ló ń dé ibi tí ìyẹ̀fun wà.

Ọmọ náà ò ké nígbà tí wọ́n bí i. Mo wà níbẹ̀, lẹ́yìn aṣọ ìkélé.  Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí, obìnrin kan tí apá rẹ̀ lágbára, gbé ọmọ sórí tábìlì, ó fi rọ́bà kan bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó sì ń tẹ báàgì tó wà lórí rọ́bà náà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń pè é, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ obìnrin yẹn láéláé: òun ló dá ọmọ wa padà sáyé. Nígbà tí ọmọ ké, ohùn rẹ̀ ò ju ti ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí lọ, síbẹ̀ gbogbo wa bú sẹ́kún ayọ̀. Ọmọbìnrin ni. Ó kéré débi pé Kékeré la ń pè é títí dòní. Wọ́n ní kó wà ní yàrá àwọn ìkókó fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn máa ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé yàrá náà fún yín kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń bínú sí. Yàrá gbọọrọ ni, fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, àpótí dígí tó ń mú ọmọ móoru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, àwọn ìyá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín. Ó mọ́ tónítóní. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í fi ọmọ ṣeré. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ ìyá tó ń yọ́ fún ọmọ tuntun ní ohun tí kò yẹ, tí wọ́n á sì sẹ́ kanlẹ̀. Mo gbà, ó ń ṣẹlẹ̀. Nítorí àwọn yẹn, yàrá náà ti sọ ọ́ di òfin tí ẹnì kan ò kọ sílẹ̀, pé irọ́ ni gbogbo ìyá ń pa. Tí ikùn ọmọ bá wú, ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lẹ́jọ́, ọmọ á sì máa dúró de ìdájọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a bá ikùn Kékeré tó ga, tó le, tó ń dán. Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ wá wo ayọ̀! Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ikùn ọmọ mi! Ó ti yó bámúbámú! Ọmú ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́!" Ó pe àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n wá wò ó. Àwọn náà wá, wọ́n sì kí i kú oríire.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn náà. Ọmọ ò fẹ́ ọmú. Ó bì, ohun aláwọ̀ ewé ló jáde, ó sì ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. Ètè rẹ̀ ti ń pàwọ̀ dà.

"Màámi," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, "ọmọ yìí ò yó. Ó ń kú lọ ni."

Ó pariwo pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì àgbà yàrá náà sáré dé, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú ọmọ wọ inú rẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ti ẹ̀rọ ẹ́síréè wọlé. Dókítà kékeré kan gbé fọ́tò náà sójú fèrèsé, ó sì na ìka sí òkùnkùn kan tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní afẹ́fẹ́ nìyẹn, ní ibi tí kò yẹ kó wà. Ó ní àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ nínú ikùn ọmọ ti lu, afẹ́fẹ́ àti wàrà ti ń tú síta sí gbogbo inú rẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ikùn náà, mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ jáde ṣìì. Ọmọ mí díẹ̀. Dókítà náà ní ìyẹn ò lè gbé e dé ibì kankan, iṣẹ́ abẹ ló kù, kíákíá sì ni. Oníṣẹ́ abẹ wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti ń tún yàrá rẹ̀ ṣe.

Ṣé ẹ ti gbọ́ "kíákíá"? Ẹ fi í sọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Kí lo fún un mu?"

"Ọmú mi ni, mà."

"Mo mọ ti ọmú. Lẹ́yìn ọmú ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ọmú."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ikùn ọmọ á kàn dá ara ẹ̀ lu?"

Ìgbà yẹn ni ẹni tó ń kun aláìsàn lóorun dé. Bàbá Oorun ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó oògùn oorun. Òun ò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi. Oògùn tí mo fẹ́ fún ọmọ yín, tó bá pàdé ohun tí mi ò mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó lè sùn kó má jí mọ́. Mi ò lè dijú fún un. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fún un, ká máa gbé e lọ."

"Sà, mi ò fún un ní nǹkan kan."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹnì kan ní èsì ò lè jáde lónìí. Bàbá Oorun ní nígbà náà, kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, bóyá ìyá á rántí.

Bóyá ìyá á rántí! Àwọn ìyá tó kí wa kú oríire ní àárọ̀ ti ń fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ di ẹ̀gbọ́n mi lápá mú. "Sọ fún wọn, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́. Ó lè jẹ́ pé o kàn fẹ́ kí inú ẹ̀ mọ́ ni." Ọkọ rẹ̀ dúró ti ògiri, ọ̀dà funfun wà lára ṣòkòtò rẹ̀, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ikùn ọmọ tún ti ń ga padà.

Mo ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo ọmọ nínú dígí, ó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n máa gbà gbé e jáde, ó wo àwọn tó dúró tí wọn ò mira. Mo rí ìgbà tí ó pinnu. Ojú rẹ̀ kàn balẹ̀ ni.

"Àgbo ni," ó ní. "Síbí kan. Ewé inú ọgbà àti omi lásán, èyí tí gbogbo èèyàn ń mu. Kò sí nǹkan míì nínú ẹ̀."

"Ẹ ò rí i!" Nọ́ọ̀sì àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Láti àárọ̀!"

Mo la ẹnu. Èmi tí mò ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní nílé ìwòsàn yẹn, èmi tí mò ń fọ abọ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé kò sí síbí, kò sí ewé. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi fi gìgísẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ mí débi pé èékánná mi dúdú. Mo pa ẹnu mi dé.

Ẹ wá wo eré! Àwọn tí kò lè mira di ẹni tó ń sáré. Bàbá Oorun ní ewé àti omi ò ní kí òun má ṣe é, òun mọ bí òun á ṣe bá ìyẹn lò. Wọ́n fi aṣọ gbígbóná wé ọmọ, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ já.

A jókòó síta yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìyá ọkọ ń gbàdúrà, ó sì ń fi àdúrà náà bú ẹ̀gbọ́n mi: "Olúwa, ìwọ lo rí ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe."  Àyà aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ti tutù fún wàrà tí ọmọ ò mu.

Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ jáde, orí ìka rẹ̀ ti hun jọ nítorí ìbọ̀wọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti ń dàgbà. Ó ní ọmọ wà láàyè. Ọkọ àti ìyá ọkọ sáré lọ kí wọ́n lè rí i bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá. Ó wá ku àwa méjì pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Ó ní òun la ikùn ọmọ ní ìbú lókè ìdodo, afẹ́fẹ́ sì tú jáde. Ara àpò oúnjẹ náà ti ya ní ibi tó ti yọ síta jù, etí ibi tó ya ti dúdú. Ó ní òun gé èyí tó ti kú kúrò, òun rán èyí tó yè pọ̀, òun tún rán an lórí ìyẹn, òun yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ihò míì wà, òun sì fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ inú rẹ̀ títí omi fi mọ́. Rọ́bà imú á ṣì wà níbẹ̀ kí àpò náà lè sinmi kó sì jinná. Ó ní ọmọ náà kéré lóòótọ́, àmọ́ ó lágídí.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ìgbà wo lẹ fún un ní àgbo?"

"Mi ò fún un rí, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Wàrà àti afẹ́fẹ́ nìkan ni mo bá níbẹ̀." Ó ní ó jọ pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi jí ọmọ nígbà ìbí ló wọ inú àpò náà tó sì fẹ̀ ẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Nígbà míì, ara ibẹ̀ kàn ti fẹ́lẹ́ láti inú ìyá ni. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní ẹ fún un?"

"Nítorí pé ẹ ò dìde, sà. Mo sọ òótọ́, ẹ jókòó. Mo purọ́, ẹ dìde."

 Ọkùnrin náà ní òun máa bá wọn sọ ọ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò lè fi ìyẹn dù ú. Ó kó gbogbo wọn jọ sí yàrá àwọn ìkókó, ó sọ ohun tó rí àti ohun tí kò rí. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú wọn, ó ní òótọ́ ni dókítà sọ, òun ò fún ọmọ ní nǹkan kan. Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ tán.

Nọ́ọ̀sì àgbà ní, "Dókítà, ìyá wo ló máa parọ́ mọ́ ara rẹ̀?"

Ìyá ọkọ ló wá kan ìṣó sí i. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pe obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun, ẹ ń bá wa bo àṣírí. Mo mọ ìyàwó ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò purọ́ rí. Tó bá ti ẹnu ẹ̀ jáde pé òun fún un, ó fún un. Èyí tó ń sọ báyìí, ojú ló ń tì í."

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo òótọ́ tó ti ń sọ láti kékeré, gbogbo ẹgba tó jẹ nítorí rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n gbè é, wọ́n kóra jọ wọ́n dè é mọ́gi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Àwọn àgbà ò dé àdúgbò wa.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n mi tún sọ òótọ́ náà fún ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan. Ó sọ fún mi ohun tí ọkọ náà fi dá a lóhùn: "Èwo ni kí n gbà gbọ́, ti ọjọ́ yẹn àbí ti òní?" Kò fi ìbínú sọ ọ́, sùúrù ni. Látìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ò tún sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ kó tó dé títì. Onídìrí ni mí, kò sì sí bí orí èèyàn ṣe máa wà láàárín orúnkún mi kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Obìnrin kan jókòó lọ́jọ́ kan, kò mọ ẹni tí mo jẹ́, ó ń sọ fún mi nípa oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ títì. Síbí kan ti di ife kan. Ewé ti di ohun tí wọ́n fi ń pa eku. Mo ní kó dìde. Ìdajì orí rẹ̀ ti dì, ìdajì ṣì dúró gàgàrà. Ó ní ṣé orí mi pé. Mo ní orí tèmi pé, tiẹ̀ ni ò pé, kó sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, mo ti sọ fún yín. Búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní fèrèsé. Ẹni tó ń mú èyí tó jóná tẹ́lẹ̀ ò mú èyí tó dára mọ́. Wọn ò bú u o. Wọ́n á kí i, wọ́n á bèèrè ọmọ, wọ́n á sì kọjá lọ ra ti ẹlòmíì. Ìyẹn ni inú ń bí mi sí jù, ìkíni yẹn. Nígbà tó yá, ó ti fèrèsé náà pa. Ilé búrẹ́dì ẹlòmíì ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó ń po ìyẹ̀fun lẹ́yìn níbi tí oníbàárà ò ti lè rí ojú rẹ̀. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń yìn ín, wọn ò kàn mọ̀ pé òun ni.

Nínú ilé ńkọ́? Tó bá ń fún ọmọ lọ́mú, ìyá ọkọ á gbé àga síwájú rẹ̀, á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ìyá ọkọ ló ń fún un. Tí ara ọmọ bá gbóná, ìyá ọkọ ló ń gbé oògùn sí i lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi á wẹ̀ ẹ́, á fọ aṣọ rẹ̀, á dì í nírun. Ohun tó bá máa wọ ẹnu ọmọ ni ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kàn.

Lọ́jọ́ kan tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Mo ń wá oníṣẹ́ abẹ kó wá bá wa sọ ọ́ ní gbangba. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú míì. Bí mo ṣe gba iwájú yàrá àwọn ìkókó kọjá, mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì àgbà: "Kí lo fún un mu?" Ìyá kan dúró níbẹ̀, ó kéré ní ọjọ́ orí. Mi ò mọ ìgbà tí mo wọlé. Mo ń pariwo pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ ná, kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n padà wá bi í ní ìbéèrè tó bá wù wọ́n. Ẹ̀ṣọ́ fi apá gbé mi jáde, bàtà mi kan ṣẹ́kù sọ́hùn-ún.

Nọ́ọ̀sì àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé bàtà náà wá bá mi lẹ́nu géètì. Ó dá mi mọ̀.

"Ṣé o rò pé ó ń dùn mọ́ mi ni?" ó ní. "Tí mi ò bá bi wọ́n, tí ọmọ kú sórí tábìlì, èmi ni wọ́n máa bi."

"Ẹ máa bi wọ́n, mà," mo ní. "Ẹ kàn máa gba ìdáhùn wọn gbọ́ ni."

Ó wò mí, ó fi bàtà sílẹ̀, ó sì padà wọlé. Mo gbọ́ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Kékeré ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ó ń sáré, ó ń gun igi, ẹnu rẹ̀ mú bíi tèmi. Ojú ọgbẹ́ yẹn dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, ìlà kan tó fi ìbú gba òkè ìdodo rẹ̀ kọjá. Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí wọn ní ọ̀sán. Ìyá ọkọ ò sí nílé. Ọmọ ti ilé ìwé dé, oòrùn ti pa á, ó ju báàgì sílẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó bu omi sínú ife, ó sì gbé e fún un.

Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò mu ún. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀ fínnífínní. Ó wá yíjú sí mi, ó na ife náà sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé.

"Àǹtí, ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Mo dìde. Mo fẹ́ gbá nǹkan, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ gbá, ife ni, ògiri ni, àbí gbogbo àdúgbò. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti na ọwọ́, ó gba ife náà. Ó mu ẹnu kan níbẹ̀ níṣojú ọmọ, ó gbé e mì, ó ya ẹnu kí ọmọ rí i pé ó ti lọ. Mo rí i pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó dá ife padà fún un.

Ọmọ gbé orí sókè, ó ń mu ún gbùgbùgbù, omi ń ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀.  Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ wò mí. Ọ̀fun ọmọ ló ń wò, ó ń fi ojú tẹ̀lé omi náà títí dé ikùn.

"Wò ó," ó ní fún mi, ohùn rẹ̀ kún fún ayọ̀. "Kò jò."